Ìlà Funfun Lára Ọkọ̀ Bàbá Ràmọ́tù

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó. Ẹ ní nígbàkígbà tí ẹ bá mú mi lọ sí etí òkun, mi kì í wo ibi táwọn èèyàn ń wò. Àwọn èèyàn ń wo omi, wọ́n ń wo oòrùn tó ń wọ̀, èmi arúgbó á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, màá máa yọjú wo abẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n wọ́ sórí iyanrìn. Èyí tó kéré jù nínú yín bi mí lánàá pé, "Tọ́ńtọ̀n, kí lẹ ń wá níbẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè náà bá mi délé. Ẹ jókòó. Bí Faransé bá ń yún yín létè, ẹ ní sùúrù fún un. Yorùbá la fi ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, Yorùbá náà ni màá fi rò ó.

Kí ojú mi tó di bàìbàì, ọ̀dà ni mo ń kùn nílùú yìí. Kì í ṣe ọ̀dà ilé o. Ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni, apá tí omi ń bò mọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í rí. Ọlọ́dà ni gbogbo ọmọ Yorùbá àti Nàgó tó wà ní Libreville ń pè mí, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìyá mi sọ mí lórúkọ. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ará Grand-Popo ni, apẹja tí ẹsẹ̀ ń dùn débi pé kò lè lọ sójú òkun mọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kan, ó ń fa ìlà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń lé tìróò fún ìyàwó. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣebí abẹ́ omi lèyí ń lọ? Ta ló fẹ́ rí i?" Ó ní, "Ẹja á rí i. Kòkòrò á rí i. Ọlọ́run tó dá omi náà á rí i. Ta lo tún fẹ́ kó rí i?" Mo bá a wọ abẹ́ ọkọ̀ náà.

Ẹ̀yin ò mọ Libreville ìgbà yẹn. Epo petirólù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ìlú di ńlá ni. Ibi tí ẹ bá yíjú sí, ṣàńtíyè ni: wọ́n ń hú igi, wọ́n ń da kọnkéré, ilé alájà mẹ́wàá ń yọ níbi tí wọ́n ti ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ ní ọdún tó kọjá. Ọkọ̀ ojú omi tí ẹ̀ ń rí lónìí, ike ni wọ́n fi ṣe é, bó bá ya, wọ́n á fi àtè kan lẹ̀ ẹ́. Tiwa, pákó òkúmé ni. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, òòlù lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ létí omi: kọ́, kọ́, kọ́, àwọn tó ń ti òwú bọ àlàfo pákó. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìró irin tiwa, ràkà-ràkà, tá a fi ń ha ìkarahun wẹ́wẹ́ kúrò lára igi. Ó máa ń ta eyín. Àmọ́ bí mo bá gbọ́ ẹni tó ń ha ìdí ìkòkò lónìí, ọrùn mi á yí síbẹ̀ fúnra rẹ̀, inú mi á sì dùn láìnídìí.

Kòkòrò kan wà nínú omi iyọ̀ ibí yìí, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà, igi sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ lè fọwọ́ pa pákó níta kó máa dán, kí inú rẹ̀ sì ti rí bí afárá oyin. Ọ̀dà olóró la fi ń lé e. Ọ̀dà náà sì ní ìwà tirẹ̀: bí ẹ bá kùn ún tán tẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ jù lójú oòrùn, oró inú rẹ̀ á kú, iṣẹ́ yín á di ẹ̀ṣọ́ lásán. Ó gbọ́dọ̀ wọ omi nígbà tó ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka díẹ̀. Nítorí náà, òkun ni patírọ̀n wa, òun ló ń pàṣẹ. Bó bá fà sẹ́yìn, a bẹ̀rẹ̀. Bó bá ń bọ̀, à ń sáré. Ẹ ò lè bẹ̀ ẹ́ pé ẹ fẹ́ jẹun ọ̀sán. Lọ́jọ́ kan oorun gbé mi lọ lábẹ́ ọkọ̀, omi ló jí mi. Ìgbà tí màá fi dìde, sálúbàtà mi méjèèjì ti kọjú sí ọ̀nà São Tomé, erékùṣù tó wà láàárín òkun.

Àwọ̀ wá ńkọ́? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọkọ̀ náà, ibi tó ń lọ àti ohun tó fẹ́ gbé là ń wò ká tó yan àwọ̀ fún un. Dúdú kì í fi ìdọ̀tí hàn, àmọ́ kì í fi ihò hàn pẹ̀lú. Ewé omi á hù sórí àwọ̀ ewé títí, ẹ ò ní mọ̀. Pupa ni Ọ̀gá fẹ́ràn, torí bó bá ti ń ṣí, igi á yọjú, ojú á sì tètè rí i. Òyìnbó kan láti àdúgbò Batterie IV gbé ìborùn ìyàwó rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, ó ní àwọ̀ yẹn gan-an lòun fẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ òun. Ọ̀gá yẹ ìborùn náà wò síwá sẹ́yìn, ó wá bi mí ní èdè wa pé, "Ṣé ẹja mọ ìyàwó rẹ̀ ni?"

Àwọn apẹja Popo ò jẹ́ gba funfun. Wọ́n ní ikùn ẹja ńlá funfun, bí ẹja kékeré bá rí i lókè, wọ́n á rò pé ẹni tó fẹ́ jẹ wọ́n ló dé, wọ́n á sá. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Mo fẹ́ mọ̀. Mo rì wọ inú omi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo la ojú mi sínú iyọ̀, mo wo ọkọ̀ mẹ́ta láti ìsàlẹ̀: pupa, funfun, àwọ̀ ewé. Ẹ gbà mí gbọ́, dúdú ni gbogbo wọn! Nígbà tí oòrùn wà lẹ́yìn wọn, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Mo jáde tòun ti ojú pípọ́n, mo lọ sọ fún Ọ̀gá pé gbogbo ìdààmú wa lórí àwọ̀, asán ni. Ó wò mí tán, ó ní, "Ṣé ojú ẹja lo fi wò ó?" Títí di òní, mi ò tíì mọ ohun tí ẹja ń rí.

Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé kì í ṣe àwa là ń yan àwọ̀, ṣàńtíyè ló ń yàn án fún wa. Ọ̀dà tó bá ṣẹ́ kù lẹ́nu iṣẹ́ petirólù á jáde sí ìgboro. Ní ọdún kan, gbogbo nǹkan tó wà ní àdúgbò wa, Derrière la Prison, ló ní àwọ̀ ọsàn: ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀dì, àpótí, títí kan àgò adìyẹ. Ní ọdún kejì, àwọ̀ eérú ló gbòde. Mo fi kun ọkọ̀ apẹja kan tòkè tilẹ̀, láì mọ̀ pé àwọ̀ eérú yẹn gan-an ni ti ọkọ̀ dúwáànì, àwọn aṣọ́bodè. Bó ṣe ń ti ọ̀nà Cocobeach bọ̀ láàárọ̀, àwọn onífàyàwọ́ rí i lókèèrè, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n da gbogbo páálí wáìnì wọn sómi, wọ́n sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Apẹja tó jáde lọ wá ẹja, wáìnì ló kó wálé. Odidi oṣù kan, kò sẹ́ni tó fẹ́ àwọ̀ mìíràn lọ́wọ́ mi.

Ṣùgbọ́n ìlà ni mo fẹ́ sọ. Ìlà funfun tó fẹ̀ tó ìka méjì, tó yí ọkọ̀ ká níbi tí ọ̀dà olóró parí sí. Báwo lẹ ṣe máa mọ ibi tí ẹ máa fà á sí lára ohun tó rí kọ́rọ́bọ́tọ́ bẹ́ẹ̀? Ọ̀gá kì í fi ojú díwọ̀n. Á ti ọkọ̀ sínú omi tó pa rọ́rọ́, á máa kó àpò iyanrìn sínú rẹ̀, àpò kan dúró fún èèyàn kan. Bó bá ku ìgbọ̀nwọ́ kan láti ojú omi dé ètè ọkọ̀, á ní, "Ó tó." Á wá fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ kan. Lásìkò yẹn, epo dúdú máa ń léfòó sójú omi nítòsí èbúté, àwọn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńláńlá ló ń dà á. Bí a bá gbé ọkọ̀ sókè lọ́jọ́ kejì, epo náà á ti yí i ká lára, ó gún régé. Ibẹ̀ la máa ń fa funfun sí. Mo máa ń rò ó pé ohun tó ń ba omi wa jẹ́ náà ló ń bá wa ṣiṣẹ́.

Gbogbo èèyàn ló mọ òfin ìlà yẹn. Bí àwọn èrò bá ń wọlé tí ìlà wọ abẹ́ omi, wọ́n á kígbe pé, "Ó ti mu!" Ẹni tó wọlé kẹ́yìn á sọ̀kalẹ̀, kò sí ìjà, ì báà jẹ́ ọ̀gá ṣàńtíyè. Lónìí, wọ́n fi pátákó kékeré kan mọ́ iwájú ọkọ̀, wọ́n kọ iye èèyàn sí i. Ẹ dákun, ta ló ń kà á nínú yín?

Bàbá Ràmọ́tù ló mú mi dé ilẹ̀ yìí. Ará Àjàṣẹ́ ni, oníṣòwò aṣọ. Nígbà tí bàbá mi kú ní Kétu, òun ló sanwó ọkọ̀ mi láti Kùtọnu, ilé rẹ̀ ní Derrière la Prison ni mo ń gbé, abọ́ rẹ̀ ni mo ń jẹ nínú rẹ̀. Òun ló tún mú mi lọ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ọ̀gá. Nígbà tí ìṣòwò gbè é, ó ra ọkọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ kan tí yóò máa gbé èrò sọdá sí Pointe-Denis, lódìkejì omi. Ọ̀gá ti kú nígbà yẹn, èmi ni mo jogún iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tá a yan àwọ̀, ẹ̀rín pa wá. Bàbá fẹ́ dúdú. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ràmọ́tù, fi ọwọ́ lérí. "Ọkọ̀ dúdú? Ṣé pósí lẹ fẹ́ fi máa kó èèyàn ni?" Bó ṣe di pupa nísàlẹ̀ nìyẹn, búlúù lókè. Mo kó àpò iyanrìn sí i bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi. Ogún àpò ló gbà. Mo fa funfun yí i ká, Ìyá Ràmọ́tù sì ní ó lẹ́wà bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Lẹ́yìn ọdún méjì, a gbé e sókè ká tún kùn ún. Bàbá wá bá mi létí omi. Ó ní, "Ọlọ́dà, ọmọ mi, kòkòrò ń yọ mí lẹ́nu. Gbé ọ̀dà olóró yẹn ga sí i díẹ̀. Gbé ìlà náà tẹ̀ lé e." Ó fi ọwọ́ rẹ̀ wọ̀n ọ́n lára ọkọ̀: àtẹ́lẹwọ́ kan gbáko.

Mo ní, "Bàbá, kòkòrò ò débẹ̀ o. Omi kì í débẹ̀."

Ó ní, "Ó lè débẹ̀ lọ́la."

Mo mọ̀. Ó mọ̀ pé mo mọ̀. Ogún èèyàn ò tó o mọ́, èrò pọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ọkọ̀ mìíràn sì ń gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá sọ pé òun fẹ́ kó ọgbọ̀n, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn láti bẹ̀ ẹ́. Kòkòrò ló pè é. Báwo ni màá ṣe wí fún ẹni tó bọ́ mi pé irọ́ lẹ̀ ń pa? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ máa ń wo bàbá yín lójú, ẹ máa ń sọ pé "nọ́n." Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ó dáa, Bàbá." Mo fa ìlà náà síbi tó fẹ́. Mi ò wá àpò iyanrìn. Mo ń sọ fún ara mi pé ìlà lásán ni, ọkọ̀ ò kúkú yí padà, ẹni tó bá lójú á rí bí omi ṣe ga tó. Àṣìṣe mi nìyẹn. Àwọn èèyàn wa ti fi ojú wọn sílẹ̀ fún ìlà tipẹ́tipẹ́.

Ọjọ́ kejì Iléyá ni. Gbogbo Nàgó àti Yorùbá tó wà láàárín ìgboro ló fẹ́ sọdá lọ ṣe fàájì. Etí omi kún fún abọ́ ẹran díndín, ọmọ wẹ́wẹ́, gèlè tí afẹ́fẹ́ ń gbá. Mo jókòó sórí igi kan, mò ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ogún. Ọkọ̀ náà dúró dáadáa. Mẹ́rìnlélógún. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ibi tí mo fa ìlà sí nígbà àkọ́kọ́ ti wà lábẹ́ omi tipẹ́, èmi nìkan ló mọ ibẹ̀. Bàbá dúró sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀, ó wọ agbádá funfun, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ìyá Ràmọ́tù ni ó wọlé kẹ́yìn, Ràmọ́tù wà lẹ́yìn rẹ̀, kò tíì pé ọdún kan. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó yíjú sí mi, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Ọlọ́dà, wọlé wá! Àyè wà. Ìlà rẹ ò tíì mu."

Ìlà rẹ. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ti wọ omi dé orúnkún, mò ń pariwo bí wèrè. "Ẹ sọ̀kalẹ̀! Irọ́ ni ìlà yẹn! Èmi ni mo fà á, irọ́ ni mo fà! Ogún èèyàn ni ọkọ̀ yìí ń gbé!"

Ẹnì kan bi mí pé, "Ta ló ní kó o fà á bẹ́ẹ̀?" Mi ò dáhùn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Wọ́n yíjú sí Bàbá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń na abọ́ ẹran síra wọn, wọ́n ń gbé ọmọ fúnra wọn lórí omi. Kódà nígbà tó ku ogún, wọn ò dúró. Gbogbo wọn ló sọ̀kalẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, mo sì ti jẹ́ kó já bọ́ lójú gbogbo ìlú.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Lọ́jọ́ yẹn, òkun ò fi ìgbì kan ṣoṣo hàn. Láti ọ̀sán dé ìrọ̀lẹ́, omi tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Àwọn kan fi mí ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní à bá ti lọ, à bá ti bọ̀. Bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ. Bóyá ọkọ̀ náà ì bá sọdá láìsí wàhálà. Bóyá nígbà tó bá dé àárín, níbi tí odò Komo ti ń kọlu òkun, ni à bá máa sọ ìtàn mìíràn. Mo ti rò ó títí, mi ò mọ̀, mi ò sì ní mọ̀ láé. Mo dójú ti bàbá mi nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo bá àpótí mi níta. Wọ́n to aṣọ inú rẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá Ràmọ́tù ni. Mo kó lọ sí Akébé, àdúgbò mìíràn. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kí Bàbá ní mọ́sálásí, á dá sàláámà padà nítorí Ọlọ́run, á sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fi àgbà mẹ́ta bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́.

Nígbà tí àkókò ọ̀dà ọkọ̀ náà tún tó, kò gbé e wá bá mi. Wọ́n ní ó ti gbé e lọ bá ọmọ Kùtọnu kan ní Owendo. Ó dùn mí gan-an, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ohun tó ṣe sí i, ni mo bá wọ tasí, mo lọ. Ọkọ̀ náà wà lórí iyanrìn, ọ̀dà rẹ̀ ṣì tutù. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ìlà tí mo fi irọ́ fà ti pòórá, wọ́n ti ha á kúrò. Ojú ibi tí mo fa ti àkọ́kọ́ sí ṣì wà lára igi, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ọwọ́ ara mi. Funfun tuntun náà ò sí níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló wà. Mo fi ìka wọ̀n ọ́n: ìka méjì géérégé.

Mo bi ọmọ Kùtọnu náà pé, "Ta ló ní kó o fà á síbí? Kò gbé ogún èèyàn mọ́ báyìí."

Ó ní, "Bàbá tó ni ín ni. Mo sọ fún un pé ó ti lọ sílẹ̀ jù. Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fà á."

Mo jókòó sórí iyanrìn, mo sunkún. Ojú ẹsẹ̀ ni mo lọ sí ilé rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá jáde tòun ti kẹ́túlù àlùwàlá rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ó fi kú. Ọkọ̀ rẹ̀ kò sì gbé ju èèyàn mẹ́rìndínlógún lọ mọ́.